Bí Alága Bouchta Ṣe Fi Ewé Tíì Joyè

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara mọ́ ògiri kí èèyàn ńlá ráyè kọjá. Kò tíì dé o. Ikùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń yọ ní kọ̀rọ̀, agbòòrùn á tẹ̀lé ikùn, Allal akọ̀wé tó gbé agbòòrùn á tẹ̀lé e, ìgbẹ̀yìn la tó máa ń rí ojú Sidi Alhaji Bouchta Lamrabti, Alága Ìgbìmọ̀ Ẹwà Àdúgbò. Ọ̀nà tóóró wa, Derb Sefsaf, kò gba kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan. Bí Alága bá wọlé, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló máa ń fà sẹ́yìn, nítorí nínú àwọn méjèèjì, òun ló ní sùúrù.

"Alhaji" tí mo pè é yẹn, ẹ má bi mí. Ìyá rẹ̀ ló lọ sí Mẹ́kà. Òun sìn ín dé pápákọ̀ òfuurufú, ó dúró lẹ́yìn gíláàsì, ó juwọ́. Bó ṣe padà sílé ló wọ aṣọ funfun, ó ní kí ẹnikẹ́ni má pe òun lórúkọ lásán mọ́. Ìyá tó yí Káábà ká lẹ́ẹ̀méje nínú oòrùn, "Ìyá Bouchta" la ṣì ń pè é títí di òní, kò sì bínú. Ìdájọ́ kì í ṣe tèmi, ti Ọlọ́run ni. Ohun tí a fojú rí ni mò ń sọ.

Ẹnì kejì tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀, ẹ ò ní láti fara mọ́ ògiri fún un. Lalla Yamna ni, opó tó ń gbé nínú ilé tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù ní Derb Sefsaf. Ó lè kọjá kí ẹ má mọ̀, àfi bí òórùn ewé bá sọ fún yín.

Ilẹ̀ kò sí ládùúgbò wa. Ẹni tó bá fẹ́ gbin nǹkan, àfi kó gbìn ín sí òfuurufú, ohun tí Lalla Yamna sì ṣe nìyẹn. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ó gbé irin bẹ́ẹ̀dì wọn síta, ó gbé e nàró mọ́ ògiri ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó fi wáyà so agolo mọ́ ọn láti òkè délẹ̀: agolo ólífì, agolo òróró, agolo tòmátò, àti agolo ọ̀dà kan tó ti jẹrà létí. Ó fi ìṣó dá ihò sí ìdí gbogbo wọn. Táìmù, ewé orí àpáta, ló wà lókè pátápátá. Lúwísà tó ń ta sánsán bí ọsàn wẹ́wẹ́ ló wà láàárín. Náánà, ewé tíì wa, tí ilé kankan kì í jí láìsí i, ló wà nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá. Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, á gun àpótí, á da omi kẹ́tùlù kan ṣoṣo sí òkè. Táìmù á tọ́ ọ wò bí aláàwẹ̀ tó kàn fi omi yọ ẹnu, á jẹ́ kí ìyókù kọjá. Lúwísà á mu ìwọ̀n tirẹ̀. Gbogbo èyí tó bá kù á ro sórí náánà, ìyẹn tí kì í yó.

Ewé yìí ló ń bọ́ ọ. Á já a, á dì í ní ìdì kéékèèké, Jilali onítíì tó wà lẹ́nu ọ̀nà tóóró wa á gba tirẹ̀, àwa ilé-dé-ilé á gba tiwa. Kò là, kò sì tọrọ. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Mbarek, wà ní Kasablánkà, ó sì ń pè é pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ọmọ dáadáa ni, mi ò bú u. Ṣùgbọ́n yàrá kan ni òun àti ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta ń gbé. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni wọ́n máa tẹ́ ẹní ìyá sí, ìyàwó sì ti ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun ò ní fọ abọ́ mọ́. Èsì tí Lalla Yamna ń fún ọmọ rẹ̀ kì í yí padà: bí ògiri bá ṣì ń fún òun ní búrẹ́dì, òun ò lọ; ọjọ́ tí kò bá fún òun mọ́, kó wá di ẹrù òun.

Báyìí la wà tí ìròyìn fi dé pé Gómìnà máa fẹsẹ̀ rìn yí àwọn ọ̀nà tóóró ìlú ká, láti wo èyí tó lẹ́wà jù lọ. Alága kó gbogbo wa jọ síwájú mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Àìlà. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe sọ ọ́ gan-an, torí ẹ ò ní gbà mí gbọ́ bí mo bá gé e kúrú.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ó bẹ̀rẹ̀, "ẹ̀yin tí ẹ ń sùn lálàáfíà nítorí pé èmi kì í sùn. Lánàá, mo sùn."

A pàtẹ́wọ́.

"Mo sì lá àlá."

A tún pàtẹ́wọ́. Allal tilẹ̀ nu ojú rẹ̀.

"Nínú àlá náà, mo rí ọgbà kan tó dìde dúró bí ọmọ ogun. Kò sùn gbalaja sílẹ̀ bí ọgbà àwọn ọ̀lẹ. Mo ní, ta ló ni ọgbà yìí? Ohùn kan dáhùn, ó ní, Sidi Alhaji, ṣé ẹ ò tún mọ ohun tó jẹ́ tiyín mọ́ ni?"

Ọgbà ojú àlá yẹn, bó ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀ fún wa, ó jọ ògiri Lalla Yamna gẹ́lẹ́, títí dé orí agolo ọ̀dà tó jẹrà létí. Itto, ìyàwó oníbúrẹ́dì, tí ẹnu rẹ̀ gbóná ju ààrò ọkọ rẹ̀ lọ, sọ sí mi létí pé òun ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àlá àwọn aláṣẹ máa ń gba ẹnu ọ̀nà opó kọjá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Alága fúnra rẹ̀ wá síbi ògiri. Allal ń kọ gbogbo ohun tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde sílẹ̀, ikọ́ pàápàá kò sì yọ sílẹ̀. Alága wo òkè, ó mi orí. Ó wo àárín, ó mi orí. Nígbà tí ojú rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ó ṣí fìlà pupa rẹ̀ bí ẹni tó bá òkú pàdé.

"Kí ni mò ń wò yìí?" ó ní. "Ṣé náánà nìyí? Náánà tí à ń fi ṣe àlejò àwọn ọba, òun ló wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí ológbò ń gbà kọjá, tí koríko ará òkè kan wá jókòó lé e lórí?"

Lalla Yamna fa ìborùn rẹ̀ wá síwájú. "Sidi, náánà fẹ́ràn omi. Ìsàlẹ̀ sì ni omi máa ń lọ."

"Ta ló pàṣẹ bẹ́ẹ̀ fún omi?"

"Ọlọ́run ni, Sidi."

Allal dá ìwé kíkọ dúró. Alága wúkọ́. Allal kọ ikọ́ náà sílẹ̀.

"Ọlọ́run tóbi," ni Alága fèsì, "ṣùgbọ́n ètò àdúgbò yìí, èmi ni wọ́n fi sí i. Omi á kọ́ ìwà."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n lu agogo, a tún jáde. Allal ka Àṣẹ Kẹtàdínlógún sí wa létí. Mo rántí i nítorí pé wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ilé búrẹ́dì fún oṣù méjì: "Bí a ti rí i pé Náánà ti ń fi òótọ́ inú sin tíì láti ayé àwọn baba wa, a gbé e ga láti ìlà ìsàlẹ̀ lọ sí ìlà òkè, pẹ̀lú gbogbo ọlá tó tọ́ sí i. Bí a ti rí i pé Táìmù kò ní ẹ̀rí iṣẹ́ kankan lọ́wọ́, a rọ̀ ọ́ lóyè lọ sí ìsàlẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ pẹjọ́. Lúwísà á wà níbi tó wà, ṣùgbọ́n kó máa ṣọ́ra." Òǹtẹ̀ wà níbẹ̀, ó tó ọpọ́n.

Ẹ lè rẹ́rìn-ín, àwa náà rẹ́rìn-ín. Èyí tó tẹ̀lé e ni kò pani lẹ́rìn-ín. Wọ́n á yọ irin bẹ́ẹ̀dì àti agolo dànù, wọ́n á gbé pẹpẹ onígi àti ìkòkò funfun síbẹ̀. Ògiri di ti Ìgbìmọ̀ láti òní lọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ já ewé kan níbẹ̀ títí Gómìnà á fi wá tí á sì lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, Ìgbìmọ̀ á pinnu ẹni tí wọ́n máa fún. Kò sí ẹni tí kò mọ ẹni náà. Ọmọ àbúrò Alága tó ń wá ibi tí á ti máa ta àpò fóònù ti wá fi okùn wọn ògiri náà lẹ́ẹ̀mejì.

Lalla Yamna kò bá wọn jà. Ó kàn béèrè ohun tí òun á máa jẹ.

"Ọlá ni wàá máa jẹ," ni Alága dáhùn. "Kì í ṣe gbogbo opó ni Gómìnà ń gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá."

"Ọlá dára," Itto ní, kò tilẹ̀ rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Kò kàn ní iyọ̀ ni."

A fi ìborùn bo ẹnu, a rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Alága bojú wẹ̀yìn, a pàtẹ́wọ́.

Ẹ má gbàgbé pé inú oṣù Okúdù la wà. Lókè pẹpẹ, oòrùn ń wo náánà lójú kòrókòró, atẹ́gùn ń fà á létí. Kí ó tó di Àìlà, ó ti gbẹ. Allal da kẹ́tùlù kan sí i, ó da méjì, ó da mẹ́fà. Náánà kò lè di omi mú, omi gba orí rẹ̀ kọjá lọ sí ìsàlẹ̀, ó lọ bá táìmù. Táìmù tí wọ́n bí sínú òkúta, tó jẹ́ pé ìrì pàápàá ń tó o, wá di ẹni tó ń gbé nínú odò. Ní ọjọ́ kẹjọ, ewé rẹ̀ dúdú. Ní ọjọ́ kẹwàá, ó ń rùn. Ẹni tó wà lókè ń kú fún òùngbẹ, ẹni tó wà nísàlẹ̀ rì sómi, kẹ́tùlù kan náà ló sì ṣe àwọn méjèèjì.

Alága wá wò ó, ó jókòó, ó ronú, ó sì rí ìdí rẹ̀. Ojú ló ń ti náánà, kò tíì mọ́ ọn lára láti wà nípò gíga. Ó ní kí Allal máa dúró níwájú rẹ̀ láràárọ̀ láti kì í. Ọlọ́run ló gbọ́, mo fi etí ara mi gbọ́ ọ: ọkùnrin tó ní ìyàwó àti ọmọ dúró lójú ọ̀nà, ó ń sọ fún ìkòkò pé, "Ìwọ olúwa kẹ́tùlù, ìwọ tí Alága tìkára rẹ̀ yàn, má ṣe já wa kulẹ̀." Ní ti táìmù, Alága ní ọ̀tẹ̀ ló ń dì nítorí oyè tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kìlọ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan.

Jilali onítíì bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ wọn padà, torí àwọn oníbàárà òun ti ń mu tíì lásán. Alága ní ẹni tí òun bá ti gbé ga, òun kì í rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ó ti kọ̀wé sí Gómìnà pé náánà Derb Sefsaf ń ṣe dáadáa lókè ju bó ṣe ṣe rí lọ, àti pé ọwọ́ òun, Alhaji Bouchta, ni ó ti ń mu omi.

Kí ni Lalla Yamna ń ṣe ní gbogbo àkókò yìí? Ó ṣa àwọn agolo rẹ̀ tí wọ́n dà sẹ́nu ọ̀nà, ó sì wọ́ irin bẹ́ẹ̀dì náà wọlé. Ó bẹ àwọn òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n fún òun ní gbòǹgbò díẹ̀ díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n ń hú, wọ́n sì fún un. Àárín ilé rẹ̀ kò tó nǹkan, ihò kan ṣoṣo ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé láti orí òrùlé, kò fẹ̀ ju ẹní ìkírun lọ. Ó so okùn láti etí òrùlé, ó fi agolo méje kọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà, táìmù lókè, náánà nísàlẹ̀ lẹ́bàá ibi tí omi ìdáná ń gbà jáde. Ewé tó ń yọ níbẹ̀ tó fún kẹ́tùlù kan lọ́sẹ̀. Kò tó tà. Búrẹ́dì àti òróró ló ń jẹ, Itto sì máa ń gbé ọbẹ̀ ẹ̀wà wá bí ẹni tó ṣèèṣì se é pọ̀ jù. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó pe Mbarek. Ó ní kó máa bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé ìbẹ̀wò Gómìnà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí di ẹrù. Ẹrù náà kò pọ̀: ẹní ìkírun, kẹ́tùlù, aṣọ, àwòrán ọkọ rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé tí Gómìnà ń bọ̀, Allal ti dé ọjà ìlú kí oòrùn tó yọ. Ó ra ogójì ìdì náánà, ó kì wọ́n bọ inú ìkòkò òkè lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi iyanrìn bo ìdí wọn. Bí ẹ bá rí i lówùúrọ̀ yẹn, ẹ máa yin Ọlọ́run. Gbogbo òkè pẹpẹ tutù yọ̀yọ̀. Wọ́n wọ́n omi òdòdó sílẹ̀, wọ́n sì gbé táìmù tó ń rùn sẹ́yìn aṣọ àsíá. Alága wọ jàlàbíà funfun méjì lórí ara wọn, ó wọ bàtà awọ aláwọ̀ ìyeyè tuntun tó ń ké bí òròmọdìẹ.

Gómìnà dé. Bàbá tó ṣe jẹ́jẹ́ ni, ó tín-ín-rín, ó sì ti rin ọ̀nà tóóró mẹ́rin kó tó kan tiwa. Wọ́n fún un ní wàrà àti èso dábínù, wọ́n fi í sórí àga. Alága fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ yọ. Ojú ìwé mọ́kànlá.

Atẹ́gùn gbígbóná láti aṣálẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ojú ìwé kejì.

"Sidi Gómìnà," ni Alága ń kà, "ẹ wo náánà wa yìí, tí kì í tẹrí ba fún ẹnikẹ́ni." Lókè orí rẹ̀, náánà àkọ́kọ́ tẹrí ba. "Bí èmi ṣe dúró ló ṣe dúró." Mẹ́ta mìíràn sorí kọ́. Ní ojú ìwé karùn-ún, níbi tó ti ń fi ara rẹ̀ wé àwọn tó kọ́ odi ìlú, gbogbo ìlà òkè ti rọ̀ bí ìborùn tí wọ́n fọ̀ tí wọn ò fún. Gbogbo wa gbójú sókè. Alága rí wa, ó rò pé ọ̀rọ̀ òun ló gbé wa lọ sí sánmà, ló bá padà ka ojú ìwé karùn-ún lẹ́ẹ̀kejì. A pàtẹ́wọ́ fún un. Kí la fẹ́ ṣe?

Nígbà tó parí, Gómìnà nu iwájú orí rẹ̀. Kì í ṣe wòlíì, òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Ó ní òun á dúpẹ́ bí òun bá lè rí tíì mu.

Ẹ mọ bí àṣà wa ṣe rí. Àlejò ńlá kì í mu tíì tí wọ́n sè ní kọ̀rọ̀. Níwájú rẹ̀ ni onílé á ti já ewé, á gbóòórùn rẹ̀, á gbé e fún àlejò kó gbóòórùn rẹ̀, kó tó kan kẹ́tùlù. Alága sì ti kọ ọ́ sí ojú ìwé kẹsàn-án pé ọwọ́ òun yìí ni òun á fi já a. Allal fẹ́ gun àkàbà, Alága tì í sẹ́yìn. Ó gùn ún fúnra rẹ̀, bàtà rẹ̀ ń ké ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó na ọwọ́, ó di náánà mú, ó fà á.

Gbogbo rẹ̀ tẹ̀lé e. Kò ní gbòǹgbò. Imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi dì í ní ìdí, bí wọ́n ṣe ń dì í lọ́jà. Alága fi í pamọ́ sẹ́yìn, ó fa ti ìkòkò kejì. Ìdì. Ó fa ti ẹ̀kẹta, ìdì ni, iyanrìn sì ń dà sórí fìlà rẹ̀.

Gómìnà gbójú sókè wò ó lórí àkàbà. "Alága," ó béèrè pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, "ṣé bó ṣe máa ń hù lọ́dọ̀ yín nìyẹn, tí á ti di ara rẹ̀ ní ìdì kó tó yọ?"

Allal nìkan ló pàtẹ́wọ́. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ó ti mọ́ ọn lára pé bí ọ̀rọ̀ bá ti dá, àtẹ́wọ́ ló kàn. Atẹ́gùn bá gbé aṣọ àsíá, òórùn táìmù sì bá àlejò níbi tó jókòó.

Itto ló sọ̀rọ̀. "Sidi Gómìnà, tíì wà nínú ilé tó kọjú sí yín yẹn. Àgbàlagbà tó ni ògiri yìí kí wọ́n tó lá àlá rẹ̀ ló ń gbé ibẹ̀."

Mo wo Lalla Yamna. Ewé kẹ́tùlù kan ṣoṣo ló ní nílé, fún ọ̀sẹ̀ kan. Kò ronú lé e lórí. Ó ní, "Bísímílá, Sidi, ẹ wọlé," ó sì ṣí ilẹ̀kùn.

Gómìnà tẹ orí wọlé. Ẹrù tí ó dì wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó gbójú sókè, ó rí agolo méje lórí okùn, wọ́n ń tutù nínú òkùnkùn, omi ń ro láti ọ̀kan sí èkejì. Ó jókòó lórí àpótí. Lalla Yamna já ewé, ó gbóòórùn rẹ̀, ó gbé e fún un. Nígbà yẹn ni Alága fi agbára ti ikùn rẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà wọlé.

"Èyí gan-an ni mo fẹ́ fi hàn yín gbẹ̀yìn, Sidi Gómìnà," ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Abala kejì iṣẹ́ mi."

"Iṣẹ́ yín ni?"

"Àlá mi ni."

"Ó dára. Ẹ ṣàlàyé fún mi. Níta, náánà wà lókè. Níbí, ó wà nísàlẹ̀. Kí ló fà á?"

Ẹ̀yin ará, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún ọkùnrin yìí. Bó bá ti sọ pé ìsàlẹ̀ ni omi ń lọ, ó bọ́. Ọmọ ọdún márùn-ún tó wà lẹ́nu ọ̀nà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bó bá sọ bẹ́ẹ̀, Àṣẹ Kẹtàdínlógún ti di irọ́ nìyẹn, òǹtẹ̀ tó tó ọpọ́n sì wà lórí rẹ̀. Alága gbé àyà sókè.

"Àìmọ̀kan ni, Sidi Gómìnà. Obìnrin ni, kò mọ ètò. Bí ẹ bá ti ń lọ báyìí, màá tún un tò."

Gómìnà yíjú sí onílé. "Lalla, ẹ̀yin ńkọ́? Kí ló dé tí ẹ fi tò ó báyìí?"

"Omi ló tò ó, Sidi," ni Lalla Yamna dáhùn, ó ń da tíì láti òkè kó lè hó. "Èmi kàn so okùn ni."

Gómìnà mu gíláàsì mẹ́ta, bó ṣe tọ́. Kò sọ ọ̀rọ̀ líle kan. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ onílé, ó gbàdúrà fún òkú rẹ̀, ó béèrè ẹrù ta ló wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, wọ́n sì sọ fún un. Nígbà tó ń jáde, ó ní kí ẹni tó tẹ̀lé òun kọ orúkọ Alága sílẹ̀ ní kíkún, kó má ṣì í kọ.

Ẹ ò bá rí ayọ̀! Ẹni tó bá pàdé Alága lọ́sẹ̀ yẹn, á gbọ́ pé Gómìnà ti gba orúkọ òun sílẹ̀, àti pé ìlú ńlá ń pe òun. Ó ní kí Allal bẹ̀rẹ̀ sí pe òun ní Sidi Olùdarí. Nígbà tí lẹ́tà dé ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kejì, pẹ̀lú òǹtẹ̀ Gómìnà lára àpò rẹ̀, kò ṣí i. Ẹni tó bá mọyì ara rẹ̀ kì í dá ka ìròyìn ayọ̀. Ó kó wa jọ síwájú mọ́ṣáláṣí, ó jókòó, ó ní kí Allal ṣí i kó sì kà á sókè ketekete, kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́.

Allal fi ọwọ́ kan di agbòòrùn mú sórí ọ̀gá rẹ̀, ó fi èkejì di lẹ́tà. Ó ka orúkọ àti oyè, a pàtẹ́wọ́. Ó kà pé Gómìnà kí gbogbo ará Derb Sefsaf, a pàtẹ́wọ́. Ó wá kà pé láti ọjọ́ òní, Ọ̀gbẹ́ni Bouchta Lamrabti kì í ṣe alága Ìgbìmọ̀ mọ́. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Bouchta ní kó kà á sókè, ó dàbí ẹni pé ó ṣì í kà. Allal kà á sókè. Kó dá òǹtẹ̀ padà. Kó padà sí ọ́fíìsì tó ti ń kọ orúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n kó pẹpẹ onígi kúrò, kí wọ́n sì dá ògiri padà fún opó náà kí ó tó di ìrọ̀lẹ́. Ní ìlà kọ̀ọ̀kan, agbòòrùn ń sún díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí Allal fi máa dé orúkọ alága tuntun, oòrùn ti wà ní gbogbo ojú Bouchta, agbòòrùn ti wà lórí lẹ́tà.

A pàtẹ́wọ́ fún ìyẹn náà. Mo fẹ́ jẹ́wọ́ rẹ̀ níbí, torí Ọlọ́run rí i: ọwọ́ kan náà ni. Ọwọ́ tí a fi yin àlá rẹ̀, tí a fi yin àṣẹ rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń da agolo obìnrin kan sílẹ̀, òun náà la fi yin ìṣubú rẹ̀. Bouchta dìde, ó wo wá lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wá èyí tí kò ní pàtẹ́wọ́. Kò rí ìkankan. Ó lọ sílé, kò sì gba Derb Sefsaf kọjá mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ọjọ́bọ̀ ni Mbarek dé, ó yá ọkọ̀ akẹ́rù. Ó bá ìyá rẹ̀ lórí àpótí níta, ó ń so irin bẹ́ẹ̀dì mọ́ ògiri. Agolo ti dé àárín. Gbòǹgbò ni ó wà nínú wọn, ewé méjì níbí, ewé mẹ́ta lọ́hùn-ún.

"Ìyá," ó ní, "ẹ ti di ẹrù yín. Kò sì sí ohun tí ẹ máa já lórí ògiri yìí fún oṣù kan."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta," ni ìyá rẹ̀ fèsì.

"Kí lẹ máa jẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta?"

Kí ó tó dáhùn, Itto ti yọ pẹ̀lú búrẹ́dì gbígbóná mẹ́rin nínú aṣọ. Ó ní ọkọ òun ló yan án pọ̀ jù, á sì máa yan án pọ̀ jù títí náánà á fi dàgbà. Jilali fi ránṣẹ́ pé kí wọ́n gba ṣúgà lọ́dọ̀ òun. Ìyá Bouchta alára, àgbàlagbà tó ń fi ọ̀pá rìn, gbé ìgò òróró ólífì wá, ó gbé e kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì padà. Èmi gbé ẹ̀wà lọ. Bí a ṣe ń tò wá síwájú ilé rẹ̀ láàárọ̀ yẹn, kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́ nínú wa. Ẹrù wà lọ́wọ́ kálukú.

Mbarek wo òróró, ó wo búrẹ́dì, ó wo ìyá rẹ̀ lórí àpótí. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó gba wáyà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó so agolo tó kù títí dé òkè, ó mu gíláàsì tíì kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní ewé, ó tú ẹrù tí ìyá rẹ̀ dì, ó sì wa ọkọ̀ òfìfo padà sí Kasablánkà.